Sìmẹ́ǹtì Eyín Màmá Rio

Jẹ́ẹ̀lì náà ń ta sánsán bíi súìtì ọmọdé, ṣùgbọ́n tó bá kan ahọ́n, kíkan rẹ̀ á mú ènìyàn di ojú. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé èmi ni mo jí i gbé. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ríṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ dókítà eyín kan ní Libreville, olú ìlú Gabon, ni, mi ò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Iṣẹ́ mi ò ju kí n fọ irinṣẹ́, kí n po oògùn, kí n sì di iná mú sí ẹnu aláìsàn lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo wọ aṣọ funfun yẹn dé ilé wa ní àdúgbò PK8, ẹni tó bá rí ìrìn mi á rò pé èmi ni mo dá eyín. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ kan ṣoṣo péré ni tèmi, mo sì ti rò pé ó tó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi. Libreville ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi sì ti kú kí n tó lè dá ojú rẹ̀ mọ̀. Màmá Rio ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, torí pé ìkóríta Rio ni wọ́n ti ń ta abọ́ àti ìkòkò. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń tajà. Eyín wọn funfun, wọ́n sì tún déjí. Bí wọ́n bá ti fi èjí yẹn rẹ́rìn-ín, oníbàárà tó fẹ́ ra abọ́ kan á di mẹ́ta mọ́ra. Ṣùgbọ́n láti kékeré wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń fi pákò àti èédú lílọ̀ ha eyín náà láràárọ̀, tagbáratagbára. Nígbà tó yá, ìdí àwọn eyín iwájú jẹ wọnú, omi tútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n. Èmi náà ni mo fi ìgbéraga mú wọn lọ bá ọ̀gá mi.

Dókítà fi sìmẹ́ǹtì eyín dí ibi tó jẹ. Ó ń ṣàlàyé lédè Faransé, èmi ń ṣe ògbufọ̀. Ó ní èròjà kan tó ń jẹ́ fúlóráìdì wà nínú sìmẹ́ǹtì náà, tó ń mú eyín le, tó sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Bọ́jọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, èyí tó ń jáde á máa dín kù. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ń fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì fọ ẹnu, sìmẹ́ǹtì náà á tún gbà lára rẹ̀ pa mọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ṣájì bátìrì fóònù. Ó ní kí wọ́n lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, kí wọ́n sì fi èédú sílẹ̀. Màmá Rio délé, wọ́n da èédú nù, wọ́n kó gbogbo pákò wọn fún aládùúgbò. Wọn ò tún fọwọ́ kàn án mọ́ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn ló kó sí èmi lórí. Mo rò ó pé bí ọṣẹ lásán bá lè ṣájì sìmẹ́ǹtì, jẹ́ẹ̀lì fúlóráìdì tó lágbára tí a fi ń pa eyín àwọn ọmọdé ńkọ́? Ìgò kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ti ń lọ sópin. Mo fi sínú báàgì mi. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, nítorí ẹni tó bá béèrè á jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, mo máa ń fi jẹ́ẹ̀lì náà pa eyín Màmá Rio, tó bá sì ti pẹ́ díẹ̀, màá ní kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì líle kan tí mo rà ha á dáadáa, kí ó lè wọlé.

“Ó mà ń kan mí lẹ́nu o,” wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ fara dà á, Màmá. Oògùn ni.”

“Ìwọ lo kúkú mọ̀ ọ́n, dókítà mi.”

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kò pẹ́ tí Màmá Rio fi ní ahọ́n àwọn ń kan ibi tó ń họ níwájú eyín àwọn. Mo ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́, mo bá fi kún un. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, sìmẹ́ǹtì náà ti jẹ tán ní ibi méjì. Omi ò ṣe é mu, búrọ́ọ̀ṣì ò ṣe é kàn, oúnjẹ ń há síbẹ̀, eyín sì ń jẹrà lọ sí gbòǹgbò. Wọn ò sọ fún ẹlòmíì, torí wọ́n gbà pé ẹni tó lọ́mọ tó jẹ́ dókítà kò gbọdọ̀ máa sunkún eyín kiri. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú tán ni mo tó gbé wọn padà lọ.

Dókítà wò wọ́n títí. Ó ní eyín méjì iwájú ò ṣe é gbà là mọ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, ó ní ohun méjì ló lè sọ sìmẹ́ǹtì dà báyìí: kí wọ́n máa fi nǹkan líle ha á, tàbí kí wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì kíkan àwọn ọmọdé yẹn pa á, nítorí kíkan rẹ̀ máa ń jẹ ojú irú sìmẹ́ǹtì yìí. Ó ní ta ni yóò sì ṣe irú ìyẹn? Mo mọ ẹni tó ṣe méjèèjì.

“Encore le charbon, maman?” Ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n tún ti padà sídìí èédú. Ó wo ojú mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀.

Mi ò túmọ̀ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo dáhùn: “Oui, docteur. Elle n'écoute pas.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní wọn kì í gbọ́ràn. Mo wá yíjú sí Màmá Rio, mo sọ lédè Yorùbá pé dókítà ní eyín náà ti gbó ni. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, “Kò burú.” Dókítà yọ eyín méjèèjì, èmi ni mo di iná mú fún un. Mo di í mú dáadáa, ìyẹn ṣì ń bí mi nínú di òní.

Mi ò pàdánù iṣẹ́. Wọ́n tilẹ̀ gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́, mo sì kó lọ sí Akanda, ìlú tó wà lẹ́bàá Libreville. Màmá Rio ń tajà wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì yá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní kí n ra eyín àtọwọ́dá fún wọn, wọ́n kọ̀ ọ́.

Ọ̀sán Sunday kan lọ́dún tó kọjá ni mo kúnlẹ̀ níwájú wọn ní PK8, mo sì jẹ́wọ́. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Wọn ò dáwọ́ dúró.

“Ọdún mélòó ni mo ti ń tajà ní Rio?” wọ́n bi mí.

“Ó ti lé lógún ọdún, Màmá.”

“Èdè wo lo rò pé mo fi ń tà á fún àwọn ará Gabon?”

Màmá Rio ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà náà, wọ́n jù ú nù.

“Mo gbọ́ èyí tó o sọ fún un. Mo tún gbọ́ èyí tó o wá sọ fún mi.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?”

“Wọn ì bá lé ọ. Ṣé kí n fi ẹnu ara mi lé ọmọ mi níṣẹ́ ni?”

Mo rò pé ìdáríjì ló kàn. Mo fẹ́ gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn.

“Eyín kọ́ ló ń dùn mí,” wọ́n ní. “Àgbà tí eyín ẹ̀ ti yọ pọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ju èédú nù nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, o sọ mí di aláìgbọ́ràn lójú àjèjì. Lọ sọ fún dókítà yẹn pé mo gbọ́ràn. Tó o bá sọ ọ́ tán, padà wá kúnlẹ̀.”

Dókítà náà ti fi Gabon sílẹ̀ tipẹ́. Mo wá a títí, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ, ìgbà tó yá ni ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n sọ fún mi pé ó ti kú ní ìlú rẹ̀. Mo padà lọ sọ fún Màmá Rio. Wọ́n ní, “Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere,” wọ́n sì bu oúnjẹ fún mi.

Lónìí, èmi ni mo ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́. Mo ń sọ fún wọn pé ọṣẹ tó ní fúlóráìdì dára fún sìmẹ́ǹtì, pé kí búrọ́ọ̀ṣì rọ̀, pé kí wọ́n má ṣe gbé jẹ́ẹ̀lì kíkan sún mọ́ ọn. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á dúpẹ́. Mo ṣì ń lọ sí PK8 ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Màmá Rio ń jẹ́ ìkíni mi, mo ń jẹun wọn, mi ò sì tíì tún kúnlẹ̀, nítorí pé mi ò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mi ò sì lè jẹ́ ẹ mọ́ láéláé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí ni mo wá sọ ọ́ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n rán mi sí: ìyá mi gbọ́ràn.