Ẹ Má Nu Ibí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń nu gbogbo pátákó ìkọ̀wé tó wà ní àjà kẹta ilé àwọn oníṣirò ní yunifásítì, àfi igun pátákó kan nínú yàrá Prófẹ́sọ̀ Ardith Kolbeck. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, ó kọ "Ẹ MÁ NU IBÍ" sórí ẹ̀. Òfin wọn nìyẹn níbẹ̀. Ẹ lè mu kọfí wọn láìtọrọ, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n bá kọ irú ẹ̀ sí.

Kíláàsì kẹjọ lèmi ti fi ilé ìwé sílẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ ni wá, ó sì máa ń ṣàlàyé fún mi. Ó ní àgádágodo ni ohun tó wà ní igun yẹn. Nọ́ńbà lòun fi rọ ọ́, láti fi ti ọ̀rọ̀ pa kí ẹni tí kò ni ín má lè kà á.

"Lovina, kì í ṣe pé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ò sí o. Gbogbo kọ̀ǹpútà ayé á gbó kí wọ́n tó rí i ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Prófẹ́sọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni. Ó ku kí n fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn."

Ẹ̀rí yẹn ni kò jẹ́ kó máa bá àwọn oníṣirò tó kù mu tíì aago mẹ́ta ààbọ̀. Iwájú pátákó ló ti ń dá jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì ẹ̀. Lásìkò Kérésì, tí yìnyín bá bo ọ̀nà, èmi nìkan ló ń rí.

Desrosiers, oníṣirò tó wà ní yàrá kejì, a máa yọjú: "Ardith, pátákó yìí mà ti di ọkọ ẹ!"

"Ó sàn ju ọkọ lọ. Kì í hanrun."

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, mo bá a níjòkòó, ìwé ojú méjì lọ́wọ́ ẹ̀. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló kọ ọ́ wá láti Montreal. Ó ti ṣí àgádágodo náà, láàárín wákàtí kan, lórí kọ̀ǹpútà tó fi ń wo fíìmù nílé.

"Irọ́ ni, àbí?"

"Rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tọ̀nà. Ó tún wá rẹwà." Ó ti fèsì sí obìnrin náà, ó ti dúpẹ́.

Mo ní kí n lọ pe Desrosiers.

"Kí ni kó wá ṣe? Ẹnì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ yìí yé ló kọ ọ́ sí mi."

Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu "Ẹ MÁ NU IBÍ" nìkan. Kò fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Ó wọ kóòtù ẹ̀.

"Ó dàbọ̀, Lovina."

Ó yé mi. Mo rẹ àkísà mi sómi, mo sì nù ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo nù ún. Nígbà tí pátákó gbẹ, mo ṣì ń rí àwọn nọ́ńbà náà.