Bartholomew àti Ìfun Tí Kò Mọ́ Tó

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ní Ketu, ẹ má rìn jìnnà. Ẹ béèrè Bartholomew, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta ọsàn lọ́jà èso Ikosi. Kì í fọ ilé, kì í fọ aṣọ, inú ló ń fọ̀. Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, á gbé kápúsù apakòkòrò méjì tó rà ní kẹ́míìsì mì, á fi àgbo kíkorò lé e, á wá lọ jókòó sí ilé ìgbẹ́ bí ọba. Bó bá jáde, á ní, "Inú mi ń dán!"

Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Inú ń lọ́ ọ, ó ń rù, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀. Kí ni ọ̀gbẹ́ni ṣe? Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó sọ fífọ̀ oṣooṣù di ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀! Ẹ gbà mí! Fọláyẹmí ìyàwó rẹ̀ ló fi ariwo wọ́ ọ dé ọsibítù.

Jessica, dókítà ọ̀dọ́ kan, fi ẹ̀rọ wo inú ìfun rẹ̀, ó sì mi orí.

"Daddy, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ìfun yín ti di egbò. Àwọn ọmọ ogun ara yín ló yíjú padà, tí wọ́n ń bá a jà. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú yín pọ̀ ju èrò Mile 12 lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ṣiṣẹ́ fún yín, wọ́n ń ṣọ́ ògiri ìfun. Mi ò lè sọ pé kápúsù tẹ́ ẹ ní ẹ máa ń gbé mì ló fa àìsàn yìí, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe ń fi pa àwọn kòkòrò yẹn ò ràn yín lọ́wọ́."

"Ta ló gbà wọ́n síṣẹ́?" ni Bartholomew béèrè.

"Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti kékeré yín, sir. Ẹ máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́, ẹ má fọ nǹkan kan mọ́. Tí egbò yìí bá burú sí i, a lè gé ìfun yín o."

Ó gbọ́, ó sì lò ó. Láàárín oṣù kan, ẹ̀jẹ̀ dá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ń jẹ ẹ̀bà láìbojúwẹ̀yìn. Àṣé àlàáfíà ló máa kó bá a! Ó rò ó, ó ní oògùn òyìnbó oṣù kan gbáko ti ṣẹ́ jọ sínú òun bí èèpo ọsàn. A ní ká jẹ èkuru kó tán, Bartholomew tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ó pa oògùn dókítà tì, ó fi ọjọ́ mẹ́ta fọ̀ ọ́ jáde.

Lọ́jọ́ kẹrin, ikùn rẹ̀ wú, ibà gbé e, ó ń sọ kántankàntan. Wọ́n sáré gbé e wọ tíátà. Wọ́n gé ìfun ńlá rẹ̀ kúrò pátápátá, wọ́n so àpò rọ́bà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ tí ìgbẹ́ á máa bọ́ sí.

Fọláyẹmí ò sunkún nígbà tí wọ́n ń gbé ọkọ rẹ̀ wọ tíátà, kò sì sunkún nígbà tó ń fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí Bartholomew lajú, ó wo àpò náà títí, ó wá fọwọ́ pe Jessica.

"Dókítà, ẹ ṣeun o. Ìwọ̀nba ìfun tó ṣẹ́ kù yìí, ṣé ẹ bá mi fọ̀ ọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó rán ikùn mi?"

Ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún.