Apànìyàn Tí Mo Fẹ́ Mú Láti Orí Kẹ̀kẹ́

Kẹ̀kẹ́ márúwá ni mò ń wà láti Lotto dé Ibafo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ẹnu mi á rò pé ọ̀gá ọlọ́pàá ni mí. Ìtàn ọ̀daràn tí mò ń gbọ́ lórí fóònù ló kó sí mi lórí. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ wá sípánà mi tó sọnù ná, kí n tó máa wá apànìyàn.

Apànìyàn tí mò ń wá yìí, ọ̀nà oko kan nítòsí Ifọ̀ ló dààmú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ̀yìn ló máa ń gbà yọ sí àwọn obìnrin, á la igi mọ́ wọn lórí, kò sì ní fọwọ́ kan ẹrù wọn. Títí dòní, a ò mọ ẹni náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tá à ń pè ní Ìyá Àgbà, ń ta gààrí ní Ifọ̀ nígbà yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó kú lọ́nà náà ló ti ní àpá kan lórí. Ó ní òun ṣubú ni. Nígbà tí mo lọ kí i ní Iléyá tó kọjá, ìborùn rẹ̀ yẹ̀, mo rí àpá náà. Ó ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ òṣùká. Mo ti sọ ẹrù kalẹ̀, mi ò tíì yọ òṣùká lórí."

Ta ló ṣubú rí tí òṣùká gbà là? Wọ́n lù ú ni. Ara mi bù máṣọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo pa kẹ̀kẹ́ tì, mo tún forí lé Ifọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ tán, mo wá fajú ro.

"Ẹ̀yin ni apànìyàn ọ̀nà oko yẹn kọ́kọ́ lù, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí téṣàn."

Ẹ̀wà ló ń ṣà. Ó ní, "Lóòótọ́, ẹnì kan lù mí. Tí mo bá wí, ọkọ mi ò ní jẹ́ kí n lọ sọ́jà mọ́. Ni mo bá ní mo ṣubú."

"Òun náà ló pa àwọn yòókù, mà." Ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu èmi olóríburúkú.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa ẹni àkọ́kọ́ ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ẹlòmíì ló pa wọ́n. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó kú ló ń pọnmi fún mi láràárọ̀. Ìwọ tó o wá sọ pé òun ni, kí ni èmi tí mo dákẹ́ fẹ́ wí fún ọmọ náà lọ́la?"

Ojú gbà mí tì, mo jókòó, mo bá a ṣa ẹ̀wà.