Ta Ló So Wáyà Yìí?

Ọgbọ̀n ọdún ni Ojú Àwòdì fi ṣe rewáyà ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ọkọ̀ yòówù tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ bú ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á sì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Bó bá ti tan iná méjì tí wọ́n fi kún iwájú rẹ̀, rédíò á kú, wáípà á dúró. Ojú Àwòdì na ọwọ́ sábẹ́ bọ́ńpà, ó fa wáyà kan jáde. Orí ọ̀dà ni wọ́n dè é mọ́, wọn ò ha ibẹ̀ kó kan irin.

"Òpònú wo ló ṣe iṣẹ́ ràdàràdà yìí? Ṣé ojú ẹ̀ fọ́ ni?"

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà ni, lóṣù tó kọjá."

Ojú Àwòdì gbé wáyà náà súnmọ́ imú. Bí wọ́n ṣe wé téèpù rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, kò ṣeé sẹ́.

Ó gbójú sókè, ó ń retí ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kálukú tẹrí ba sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló yé e pé ó ti pẹ́ tí gbogbo wọn ti mọ̀ pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì.