Ẹ̀gbọ́n Ló Sáré

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Mùlíkàt á wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, á fi ìbòrí funfun bo orí, á sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ sí Camp Springs, nílẹ̀ òyìnbó tó ń gbé, lọ́dọ̀ Missis Lerner. Nọ́ọ̀sì ni. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Iṣẹ́ àfikún ni ti Sátidé, òun ló sì fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ bá bi í, á ní iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

Júù ni Missis Lerner, opó ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òun àti ọkọ rẹ̀, Sol, ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì fún ọgbọ̀n ọdún ní bárékè àwọn sójà òfurufú tó wà nítòsí ilé wọn. Ìtọ̀ ṣúgà ti dá egbò sí i lẹ́sẹ̀, egbò náà ni Mùlíkàt ń wẹ̀ tó sì ń dì. Àmọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dun ìyá yìí jù, ojú ni. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Sol, àràárọ̀ Sátidé ni wọ́n jọ ń ka Tọ́rà, ìwé mímọ́ àwọn Júù, lédè Gẹ̀ẹ́sì nídìí tábìlì. Àwọn Júù ti pín ìwé náà sí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ìpín tí wọ́n bá ń kà ní Camp Springs lọ́sẹ̀ yìí, òun náà ni Júù ń kà níbi gbogbo láyé. Bí ọdún bá yípo, wọ́n á parí rẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí pé èyí wù mí, èyí ò wù mí. Sol wá kú, ojú Missis Lerner sì ṣú, ìwé wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1996, lẹ́yìn tí Mùlíkàt di ẹsẹ̀ tán, ìyá náà bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ka ojú ewé méjì péré. Mùlíkàt wo ìwé, ó wo ilẹ̀kùn. Ó ń rò ó pé kí ni àwọn ará mọ́ṣáláṣí á wí bí wọ́n bá gbọ́. Ó tún rò ó pé ṣebí ìwé Ànábì Mùsá ni, Àlùkùránì fúnra rẹ̀ sì dárúkọ rẹ̀. Kíkà ò pa ẹnikẹ́ni rí. Ó ṣe Bísímílà sínú, ó sì fi ohùn bíi ti tíṣà ilé ìwé Ìbàdàn kà á.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ó mọ àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ànábì Núhù rèé, Ànábì Ìbúráímù rèé, ará ilé ni gbogbo wọn. Ojú ewé méjì di mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan. Bí wọ́n bá kà á tán, Missis Lerner á ní kó bu kọfí, á wá bi í ní ìbéèrè tí òun àti Sol máa ń bi ara wọn, pé kí lo mú lọ sílé nínú ìpín tọ̀sẹ̀ yìí?

Mùlíkàt ń mú nǹkan lọ sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń mú un lọ fún. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kà á pé Ànábì Ìbúráímù, arúgbó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, sáré nínú oòrùn ọ̀sán lọ pàdé àlejò, Ṣàmsúdéènì ọkọ rẹ̀ ló gbé e fún. Takisí ni Ṣàmsúdéènì ń wà. Ó fi ẹsẹ̀ lélẹ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù, ìyàwó rẹ̀ dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń sọ fún un pé arúgbó ń sáré, ọkùnrin kan wà tí kò lè dìde lọ ṣílẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kà nípa Rèbékà tó pọn omi fún ràkúnmí mẹ́wàá, Zulaykha ọmọ wọn ló gba ti ìyẹn, nítorí ife méjì tó fi sílẹ̀ láìfọ̀ nínú síǹkì. Ọkọ fara dà á títí. Ọjọ́ kan ló wá bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Mùlí, nínú gbogbo èèyàn tó wà nínú ìwé yẹn, ewo ni ìwọ?" Mùlíkàt pòṣé, ó bọ́ sí ilé ìdáná. Ṣàmsúdéènì mọ ohun tó ń sọ, ìyàwó rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ Àdíját ni. Àdíját ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Lake Arbor lòun àti Táòfíkì ọkọ rẹ̀ ń gbé, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ nínú mọ́tò bí títì Beltway ò bá dí. Ọdún méjì gbáko ni Mùlíkàt ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ìyá wọn kú ní Ìbàdàn ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1994. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Mùlíkàt ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì, ìdánwò tó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àdíját ni wọ́n tẹ̀ láago. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é: a kì í ṣàdédé túfọ̀ fún ọmọ olóòkú. Wọ́n á kó àgbà jọ, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á kọ́kọ́ ní ara ìyá ò yá. Àdíját gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ń tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago lójoojúmọ́, ó ń bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ti kàwé, ó sì ń lọ sunkún ní bálùwẹ̀. Ó ti ṣètò pé bí Mùlíkàt bá ṣe ìdánwò lọ́jọ́bọ̀, àwọn àgbà méjì á bá òun lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀.

Ṣùgbọ́n Mùlíkàt lọ kírun Jímọ̀. Níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, Alhaja Alimat, tó gbọ́ láti Ìbàdàn, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á fi Àlùjáńnà kẹ́ ìyá." Mùlíkàt bi í pé ìyá ta ni. Bó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, láàárín mọ́tò méjì, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ti sin ìyá. Wọ́n ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Òun wà níbí, ó ń há ìwọ̀n oògùn sórí. Nígbà tí Àdíját àti àwọn àgbà dé ní ìrọ̀lẹ́, kò ṣílẹ̀kùn. Ó yege ìdánwò náà. Lọ́jọ́ tí èsì dé, ó sunkún ju ọjọ́ tó gbọ́ ikú lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ Tanksgífíìnì, ọdún ìdúpẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ níparí oṣù Bélú, ní 1996 yìí ni ìròyìn wá kàn án pé Táòfíkì ti rí iṣẹ́ sí Houston, ìlú tó jìnnà réré, wọ́n á kó lọ ní ọjọ́ Ajé. Ṣàmsúdéènì ló sọ fún un. Mùlíkàt ní kí wọ́n máa lọ. Ó ní Àdíját mọ ilé òun. Àbúrò ní ń wá kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n kì í wá àbúrò kiri. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọbẹ̀ jóná mọ́ Mùlíkàt lọ́wọ́, òun tó máa ń bú ẹni tí ọbẹ̀ bá jóná mọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè dé Houston, ó lè jẹ́ ojú ikú ni àwọn á tún ti rí ara wọn.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Missis Lerner nìyẹn ní Sátidé. Ó di ẹsẹ̀, ó ṣí ìwé síbi tí wọ́n fi sàmì sí. Ìpín ọ̀sẹ̀ náà sọ bí Jákọ́bù, tí àwa ń pè ní Ànábì Yàkúbù, ṣe ń padà bọ̀ wálé. Òun ni àbúrò. Ó ti tan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ésáù, ó ti gba ìre rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, ó sì ti sá lọ fún ogún ọdún. Ó wá gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú irínwó ọkùnrin. Ó kó ẹ̀bùn ṣáájú, ó sì foríbalẹ̀ nígbà méje títí ó fi súnmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mùlíkàt pa ìwé dé pẹ̀lú ayọ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jàre ní kóòtù. Kí Missis Lerner tó béèrè kọfí rárá ló ti sọ fún un pé òun ti rí ohun tí òun á mú lọ sílé. Nígbà méje ni àbúrò dọ̀bálẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ Àdíját fún un látòkèdélẹ̀, ìyá tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Mùlíkàt lábùúrò.

Missis Lerner gbọ́ ọ tán. Ó bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni àbúrò yìí ti wá bẹ̀ ẹ́.

Mùlíkàt ní kò wá rárá, kò wá bó ṣe yẹ kó wá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí Àdíját wá, kí ìyá náà lè rí i pé kò tó nǹkan. Ó wá pẹ̀lú àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn, ìyẹn kan. Ó gbé ẹran Iléyá wá nínú kúlà, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọn ò dá a lóhùn. Mùlíkàt gbé e fún aládùúgbò. Ó rán Lèmọ́mù. Ọjọ́ kan ló tún wá dúró dè é níbi iṣẹ́, ó kúnlẹ̀ lórí kọ́ńkéré láàárín àwọn mọ́tò, Mùlíkàt sì fi mọ́tò tirẹ̀ sí rìfáàsì, ó wà á lọ. Nígbà tó ka ìyẹn tán, ó dìde pé òun fẹ́ lọ wo kọfí. Kò sẹ́ni tó gbé kọfí kaná.

Nígbà tó padà jókòó, Missis Lerner ní, "O pa ìwé dé kí ìpín tó parí. Kà á lọ."

Ó kà á lọ. Ìlà tó tẹ̀ lé e gan-an ni pé Ésáù sáré. Ẹ̀gbọ́n ló sáré, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ẹni tó jàre. Ó sáré pàdé àbúrò rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì sunkún. Mùlíkàt tún un kà, ó rò pé ojú òun náà ti ń ṣú.

Missis Lerner ní àádọ́ta ọdún ni òun àti Sol fi ka ìpín yìí, ọdọọdún ni òun sì ń pe ara òun ní Jákọ́bù. Òun lábùúrò ọkùnrin kan ní Baltimore tí àwọn ò jọ sọ̀rọ̀. Ọdún tí wọ́n sin ín ni òun tó mọ̀ pé Ésáù lòun látọjọ́ yìí, òun ò kàn sáré ni. Ó ní, "Ojú mi ṣì ń ríran dáadáa nígbà yẹn o. Mo kà á, mi ò rí i." Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá ìpín ti parí. Mùlíkàt ní ó ku díẹ̀.

Ó kà á lọ títí tó fi dé ibi ikú bàbá wọn. Ànábì Ísíákà darúgbó, ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Ésáù àti Jákọ́bù, sì sin ín. Ibẹ̀ ni ohùn tíṣà Ìbàdàn ti já. Mùlíkàt gbé ìwé sílẹ̀, ó sunkún. Ó ní kì í ṣe pé wọ́n fi pa mọ́ fún òun nìkan ló ń dun òun. Òun ò sí níbẹ̀. Òun ò sin ìyá òun, ẹni kan ṣoṣo tó kù tó lè bá òun sunkún rẹ̀, òun tún tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Missis Lerner ò pa á lẹ́kún. Ó ní wọ́n ti di ẹsẹ̀ òun, òun sì mọ ọ̀nà ilé ìdáná òun láìríran. Kó máa lọ.

Mọ́tò ìkẹ́rù ńlá kan ló wà níwájú ilé Àdíját nígbà tó dé Lake Arbor. Táòfíkì ló kọ́kọ́ rí i; ó gbé àtùpà orí tábìlì dání, ó rọra gbé e sílẹ̀ lórí koríko. Àdíját jáde láti inú gàréèjì, téèpù tí wọ́n fi ń lẹ páálí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Mùlíkàt ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, orúnkún ń dà á láàmú, kò sì sáré mọ́ láti ìgbà tó ti kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì. Ó fi ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ gbayawu, ó sáré. Kí orúnkún àbúrò tó kan ilẹ̀, ó ti gbá a mú lábẹ́ apá.

Ó ní, "Dìde, Àdíját. O ti kúnlẹ̀ tó."

Wọ́n jókòó lórí páálí nínú gàréèjì. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, Mùlíkàt béèrè ohun tí kò béèrè rí fún ọdún méjì: báwo ni Ìyá ṣe lọ?

Àdíját ń yí téèpù náà lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí mi, mo bá Ìyá sọ̀rọ̀ on Sunday yẹn, ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ. Àwọn fúnra wọn ló gba fóònù. Wọ́n ní ó rẹ àwọn gan-an. Wọ́n ní bí nǹkan bá ṣe àwọn, kí n má jẹ́ kí Mùlí gbọ́ títí á fi ṣe exam ẹ̀ tán. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, àwọn ò fẹ́ kó jẹ́ tìtorí àwọn lẹ máa fi fail."

Mùlíkàt bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ látọjọ́ yìí.

"Mo fẹ́ sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn, ẹ ò ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rán èèyàn. Mo ní bí ẹ bá tiẹ̀ máa bínú, èmi ni kí ẹ máa bínú sí, kí ẹ má bínú sí Ìyá."

Mùlíkàt di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, pẹ̀lú téèpù tó wà nínú rẹ̀. Ó wá bi Táòfíkì pé apá ibo ni gàbàsì tí à ń kọjú sí kírun wà nínú gàréèjì yìí. Táòfíkì nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Wọ́n kọjú síbẹ̀, Mùlíkàt ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè. Láàárín páálí tí wọ́n kọ Houston sí lára, àwọn ọmọ Ìyá méjèèjì jọ ka Fátíhà fún un, ó ti lé ní ọdún méjì tí wọ́n ti sin ín.