Ebè Ìgbẹ́ Ẹṣin Shukurat

Bí ẹ bá rí Shukurat nínú yàrá wa ní Al Muteena, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, ẹ ò ní mọ̀ pé iṣẹ́ oko ló ń ṣe. Bedspace tirẹ̀, ìyẹn ààyè bẹ́ẹ̀dì tó háyà, kọjú sí tèmi, ó sì mọ́ ju tèmi lọ. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń jáde lọ wọ mọ́tò tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí oko kan lẹ́yìn Sharjah, níbi tí aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Sharjah náà ni Sùlàímọ́nù, ọkọ rẹ̀, kú sí. Àyà ló ní ó ń dun òun, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì ṣú tí wọ́n fi sin ín. Kò sí ẹbí kankan nílé tó rí sàréè náà. Wọ́n ní kí Shukurat máa bọ̀ ní Lagos, Asiat ọmọ wọn náà bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. "Ta ni kí n fi í tì?" ló máa ń bi wá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, á lọ dúró lẹ́yìn ògiri itẹ́ òkú, á máa ròyìn ọ̀sẹ̀ náà fún ọkọ rẹ̀. Visa nìkan ló jẹ́ kó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀, visa náà sì wà lọ́wọ́ arbab, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá oko níbí.

Nígbà tí òtútù ọdún yìí dé, arbab ní òun fẹ́ ilá àti tẹ̀tẹ̀ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa ń wá kiri ọjà Deira, kó yọ ṣáájú ti gbogbo ayé. "Mama, Ramadan come, no green, khalas. Visa finish."

Ilá kì í hù nínú òtútù, aṣálẹ̀ sì máa ń tutù bí ìdí àmù lóru. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ará Peshawar kan tó ti padà sílé ti kọ́ Shukurat ní ọgbọ́n kan. Á kó ìgbẹ́ ẹṣin tútù pẹ̀lú koríko rẹ̀, á bu omi sí i, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi ga dé itan, á fi pákó yí i ká, á da iyẹ̀pẹ̀ lé e, á sì fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Ìgbẹ́ náà á máa gbóná fúnra rẹ̀. Ooru àkọ́kọ́ ni kéèyàn ṣọ́ra fún, torí ó ń se irúgbìn. Èèyàn á ti ọwọ́ bọ inú ebè, á rọra ka Fátíhà. Bí ọwọ́ bá lè dúró títí yóò fi kà á tán, kó gbìn. Bí kò bá lè dúró, kó lọ jókòó.

Waheed wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbìn. Àbúrò Sùlàímọ́nù ni, Shukurat ló sì bẹ arbab kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Ó ti ń pọn Asiat nígbà tí Waheed ṣì ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ti bí Waheed sínú ilé kí Shukurat tó fẹ́ ọkọ wọ ibẹ̀, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni. Kì í pe orúkọ rẹ̀, "Bọ̀dá mi" ló ń pè é. Èmi ò bú àṣà o, wọ́n fi tọ́ èmi náà ni. Ṣùgbọ́n ebè ò mọ ẹni tó ń jẹ́ ọkọ.

Waheed ti ọwọ́ bọ ebè, ó ka Fátíhà bí ẹni tí ajá ń lé, ó yọ ọwọ́.

"Ìyàwó, yalla, ó ti ṣe."

Shukurat náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò tíì kà á dé ìdajì tó fi fà á yọ.

"Bọ̀dá mi, ó ṣì ń jó mi lọ́wọ́ o. Ṣé kò ní dáa ká ní sùúrù díẹ̀ sí i?"

"Àbí o rò pé mi ò mọ Fátíhà ni? Ramadan ti dé tán, abeg. Time ò sí."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi." Ó sì da gbogbo irúgbìn tó ní síbẹ̀.

Kò sí èyí tó hù. Nígbà tó wa iyẹ̀pẹ̀ náà, irúgbìn ti jinná, ó rọ̀ bí ẹ̀wà. Ó wálé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò tú ìbòrí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún un pé rárá?" mo bi í.

"Gbémi, ọkọ mi ni."

"Ọkọ rẹ ti kú!" Inú ń bí mi.

"Bọ̀dá mi ló kù lára rẹ̀," ló dá mi lóhùn.

Arbab dé, ó ká náílọ́ọ̀nù kúrò, ó bi wọ́n pé ta ló gbìn ín. Waheed wolẹ̀. "Mama, boss. She is the farmer." Shukurat bẹ̀rẹ̀, ó ń ká náílọ́ọ̀nù náà jọ. Wọ́n fagi lé visa rẹ̀, wọ́n sì ní kí Waheed dúró láti máa kó ìgbẹ́ náà dànù.

Mo bá a lọ sí itẹ́ òkú ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn. Waheed, tó fẹ́ bá a gbé àpótí rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú, dúró sí ẹ̀gbẹ́ wa, ó ń tẹ fóònù.

"Bàbá Asiat, ẹ foríjì mí," Shukurat sọ fún ògiri. "Ilẹ̀ yẹn gbóná. Mo mọ̀. Mi ò lè bá àbúrò yín jiyàn ni. Mo wá ń fi yín sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ̀ yín." Ohùn rẹ̀ ń ròkè, ó ti ń di igbe.

Waheed gbójú sókè. "Ìyàwó, rọra sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi," ni Shukurat wí, ó sì yíjú kúrò lára ògiri.