Aṣọ Tí Mo Ká Níwájú Ìjọ

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo gba inú ọjà Mboppi kọjá, nílùú elédè Faransé tí mo ti dàgbà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń tú béèlì aṣọ lẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀, òórùn aṣọ tuntun tí omi kò tíì kàn sì gba gbogbo ojú ọ̀nà. Mo dúró díẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ rajà. "Bàbá, ẹ wọlé, aṣọ wa kì í ṣá!"

Òórùn ìgbà èwe mi nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1960, aṣọ ni bàbá mi ń tà ní àdúgbò Akwa. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mo máa ń fi ọ̀pá wọn aṣọ, tí mo máa ń kígbe iye rẹ̀ kí oníbàárà lè gbọ́, "Ọ̀pá kan! Ọ̀pá méjì!" Lẹ́yìn náà ni n óò ká a, n óò sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ẹni tó rà á. Ẹnu mi já gaara nínú ìsọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ, ahọ́n mi á lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Ní ìparí ọdún, àwọn ọmọdé máa ń ka àkọ́sórí ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo dúró níwájú ìjọ, mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Mo sá wọ yàrá àwọn akọrin, mo fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fà mí jáde lẹ́yìn ìsìn.

Bàbá mi kò nà mí. Ó kàn ní, "Èdè wa ló ń sá kúrò lẹ́nu rẹ. Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wàá lọ, sọ́dọ̀ ìyá mi." Kì í sọ̀rọ̀ kó tún yí i padà.

Wúràọlá, ọmọ ìyá aránṣọ tó múlé ti ìsọ̀ wa, ló rí ohun tí àwọn àgbà kò rí.

"Ìwọ tó ń fi ọ̀pá kan ọ̀pá méjì dí gbogbo Akwa létí! Ṣé ìjọ máa jẹ ọ́ ni?"

"Ojú wọn pọ̀."

"Ojú oníbàárà ńkọ́? Ọwọ́ rẹ tó ṣófo ló ń dẹ́rù bà ọ́. Mú aṣọ dání, kí o máa ká a."

Nígbà tí ọjọ́ àkọ́sórí tún pé, mo mú àjákù aṣọ kan dání lọ síwájú. Mo ká a lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ kìíní sáàmù mi jáde. Mo tún un ká, èkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo fi dé ẹsẹ tó kẹ́yìn, aṣọ náà ti kéré bí ìwé orin. Mo parí, ni ọwọ́ méjèèjì bá ṣe bí wọ́n ti ń ṣe nínú ìsọ̀: mo na aṣọ náà sí ìjókòó iwájú. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wúràọlá dìde, ó kúnlẹ̀, ó gbà á, ó fi Faransé dúpẹ́ bí oníbàárà:

"Mẹ̀sí, mùsíọ̀. Ẹ ò sì fún mi ní èènì!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́.

Nígbà tó yá, mo di olùkọ́, mo sì fẹ́ Wúràọlá.

Lónìí, èdè Faransé ni àwọn ọmọ ìjọ wa fi ń ka àkọ́sórí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń kà á. N kò bínú sí wọn. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kò yàtọ̀ sí tèmi.

Wúràọlá kú nígbà òjò tó kọjá. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àbíkẹ́yìn wa, tí Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìkíni, fi Faransé bi mí pé, "Pàpá, ṣé kí èmi bá yín ka ọ̀rọ̀ ìdágbére náà?" Mo ní rárá. Mo mú gèlè ìyá rẹ̀ dání, mo dìde. Ìbẹ̀rù ọjọ́sí padà wá. Òun kò darúgbó ní tirẹ̀. Mo ń ká gèlè náà bí mo ti ń sọ̀rọ̀, títí ọ̀rọ̀ fi tán. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi méjèèjì ti nà sí ìjókòó iwájú.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi dìde, ó kúnlẹ̀, ó gbà á.

N kò sọ ìtàn yìí fún un rí. Bóyá ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́.